Leaf tòkunbọ̀ tí wọ́n ní bátìrì rẹ̀ ṣì pé: báwo la ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, ṣé ó sì ṣeé pààrọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo rí Nissan Leaf 2015 kan ní Ìbàdàn, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń tà á ní bátìrì rẹ̀ ṣì pé, gbogbo ìlà méjìlá ló ń yọ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má dá a lóhùn, pé bátìrì mọ́tò oníná kì í pẹ́ kú. Àbúrò mi tó wà ní Kútọnu ní tàwọn kò ní wàhálà, pé ṣe ni àwọn ọlọ́kadà oníná ibẹ̀ ń pààrọ̀ bátìrì, wọn kì í dúró cháàjì, àti pé wọ́n ń ṣe é fún mọ́tò ní Ṣáínà. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká fi ti Kútọnu sílẹ̀ ná, a óò débẹ̀. Ìlà méjìlá yẹn ló ń kọ mí lóminú. Leaf ọdún 2015 tí bátìrì rẹ̀ kò tíì din ìlà kan ṣọ̀wọ́n gan-an.

Oríṣi ìlà méjì ló wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù Leaf. Èyí tó gùn ń sọ iye iná tó wà nínú bátìrì lọ́wọ́lọ́wọ́. Àwọn kékeré tó tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún ló ń sọ iye tí bátìrì ṣì lè gbà, àwọn ni kí ẹ wò. Ìlà kékeré àkọ́kọ́ kì í tètè já: ó di ìgbà tí bátìrì bá pàdánù nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 kó tó lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdá 6 àti díẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, Leaf tó ku ìlà mẹ́sàn-án ti wà láàárín ìdá 66 sí 72 nínú agbára tó gbé wá sáyé.

Kọ̀ǹpútà kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì, tí wọ́n ń pè ní BMS, ló ń ṣírò ìlà wọ̀nyí, ìṣirò rẹ̀ sì ṣeé pa rẹ́. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò lè dá a padà sí ti tuntun láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo ìlà á sì yọ. Bátìrì fúnra rẹ̀ kò yí padà rárá. Bí ẹ bá wà á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, BMS á tún mọ òótọ́, ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n owó yín ti wọ àpò ẹlòmíràn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì náà lóòótọ́ ní Amẹ́ríkà, nítorí Nissan pààrọ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn lábẹ́ wáráńtì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n mú ìwé rẹ̀ jáde.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe ni kí ẹ ra OBD2 oníBluetooth irú ELM327, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń ka kọ̀ǹpútà mọ́tò, kí ẹ sì fi áàpù Leaf Spy sórí fóònù yín. Ojúhò rẹ̀ wà lábẹ́ sitiárì. Ẹ tan mọ́tò, ẹ so ó pọ̀, kí ẹ wo Ahr, ìyẹn iye iná tí bátìrì ṣì lè gbà, àti SOH, ìyẹn ìlera rẹ̀ nínú 100. Bátìrì 24 kWh tuntun, irú ti mọ́tò yìí, máa ń wà ní nǹkan bí Ahr 65, 52 sì jẹ́ ìdá 80. BMS kan náà ló ń fún Leaf Spy ní iye wọ̀nyí, torí náà ẹni tó pa ìlà rẹ́ ti pa àwọn náà rẹ́. Ohun tí kò lè pa rẹ́ ni fóòtì sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn bátìrì kéékèèké tó para pọ̀ di ńlá.

Sẹ́ẹ̀lì 192 ló wà nínú bátìrì yìí. Wọ́n so wọ́n ní méjì-méjì, wọ́n wá to méjì-méjì náà tẹ̀ léra ní 96. Torí pé wọ́n tò tẹ̀ léra, èyí tó rẹ̀ jù ló ń pàṣẹ fún gbogbo wọn: bó bá ti gbẹ, mọ́tò dúró nìyẹn, bí iná tilẹ̀ ṣì kù nínú 95 yòókù. Leaf Spy á yà wọ́n sójú fóònù bí òpó kéékèèké 96, á sì kọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù ní mV, ìyẹn ìdá kan nínú 1000 fóòtì. Bí mọ́tò bá dúró jẹ́ẹ́, 20 tàbí 30 kò burú. Ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ó bá kún, nítorí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló máa ń dára lójú nígbà náà. Ẹ wà á títí yóò fi ku nǹkan bí ìdá 20, kí ẹ wá gun òkè Mọ́kọ́lá, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Bí ìyàtọ̀ bá fò kọjá 100, tó sì jẹ́ pé òpó kan náà ló ń ṣubú ní gbogbo ìgbà, ẹ ti rí sẹ́ẹ̀lì tó ń kú lọ. Òpó tó bá pọ́n kì í ṣe àìsàn o. BMS ló ń fa díẹ̀ kúrò lára rẹ̀ kó lè bá àwọn yòókù dọ́gba. Mo ti rí mẹkáníìkì tó ní kí wọ́n tú bátìrì tí nǹkan kan kò ṣe nítorí àwọ̀ pupa yìí.

Èyí tí mo fọkàn tán jù lọ ni mítà iná. kWh tí ẹ ń gbọ́ yìí, yúníìtì kan náà tí ẹ ń rà sínú mítà ilé ni. Ẹ wa Leaf náà títí yóò fi ku ìdá 20. Ẹ pa gbogbo nǹkan tó ń lo iná nínú ilé, fíríìjì pàápàá, kí ẹ kọ iye yúníìtì tó wà lójú mítà sílẹ̀, kí ẹ wá fi mọ́tò sí iná títí yóò fi kún tó sì dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Ẹ tún mítà kà. Ká ní yúníìtì 13.5 ló lọ. Nǹkan bí ìdá 85 ló ń wọlé, ìyókù di ooru lójú ọ̀nà: 13.5 lọ́nà 0.85 jẹ́ 11.5. Láti 20 sí 100 jẹ́ ìdá 80, nítorí náà ẹ fi 0.8 pín in, ó di 14.3. Bátìrì tuntun ń fúnni ní nǹkan bí 21.5 tó ṣeé lò. Ìdá 67 ni mọ́tò yín nìyẹn, ìlà mẹ́sàn-án ló yẹ kó yọ, kì í ṣe méjìlá.

Ẹ ṣọ́ra fún wáyà cháàjì tó bá mọ́tò wá láti Amẹ́ríkà. Mọ́tò fúnra rẹ̀ gba iná 230, ṣùgbọ́n fóòtì 120 ni wọ́n ṣe àpótí ara wáyà náà fún. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó má bàá jó. Ẹ ra ti 230 tó ń fa 10 A, kí rewáyà sì fa ìlà tirẹ̀ wá láti ibi fíúsì pẹ̀lú wáyà 4 mm àti ááàtì tó dúró dáadáa. Láìsí ááàtì, kò ní cháàjì. Ohun kan náà ló máa ń fa wàhálà lórí jẹnẹrétọ̀. Àwọn jẹnẹrétọ̀ kéékèèké “I better pass my neighbour” kò tiẹ̀ yẹ ká dárúkọ wọn níbí: 2.3 kW ni mọ́tò ń fà fún wákàtí mẹ́fà, méje.

Ẹ̀gbọ́n yín ò parọ́ pátápátá. Nínú sẹ́ẹ̀lì, èérún lithium ló ń ṣí láti apá kan lọ sí apá kejì bí iná ti ń wọlé tó ń jáde. Ní apá tí graphite wà, awọ tín-ín-rín kan ti bò ó láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ cháàjì rẹ̀. Awọ náà ló ń dáàbò bò ó, àmọ́ kì í yéé nípọn, lithium ló sì fi ń nípọn. Èyí tó bá ti wọnú awọ kì í jáde wá ṣiṣẹ́ mọ́. Ọjọ́ orí ń mú kó nípọn, kíkún bámúbámú fún ìgbà pípẹ́ ń mú un yára, ooru ló sì burú jù: bí bátìrì bá gbóná sí i ní ìwọ̀n 10, ìbàjẹ́ náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Ibi tí Leaf ti kù nìyẹn. Hyundai Kona àti Tesla ní omi tó ń yí bátìrì wọn ká láti mú un tutù. Irú Leaf yìí kò ní. Atẹ́gùn ìsàlẹ̀ mọ́tò nìkan ló ń fẹ́ sí i. Lọ́dún 2012, àwọn tó ni Leaf ní Phoenix, ìpínlẹ̀ Arizona tí oòrùn ibẹ̀ mú bí iná, rí i pé ìlà ń já lẹ́yìn ọdún kan àbọ̀ péré. Ariwo yẹn ló mú kí Nissan fọwọ́ sí wáráńtì agbára bátìrì: bí ìlà bá kéré sí mẹ́sàn-án láàárín ọdún 5 tàbí máìlì 60,000, wọ́n á tún un ṣe tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Èròjà ti 2015 le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò ní omi ìtutù síbẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé ìpínlẹ̀ wo ló ti wá. Èyí tó lo ọdún mẹ́jọ ní Arizona tàbí Texas kò dà bí èyí tó ti Oregon tó tutù wá.

Ọwọ́ yín ló kù tí ẹ bá rà á. Ẹ máa gbé e sí abẹ́ ibòji. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní kíkún nínú oòrùn. Bí ẹ bá ti ọ̀nà jíjìn dé, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó fi sí iná. Fún ìrìn ojoojúmọ́, láàárín ìdá 20 sí 80 ti tó. Àwọn Leaf àkọ́kọ́ ní ibi tí ẹ ti lè sọ pé kó dúró ní 80, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ọ́ nínú ti Amẹ́ríkà láti 2014. Wákàtí ni kí ẹ máa kà: wáyà 10 A ń fi nǹkan bí yúníìtì 2 wọlé ní wákàtí kan. Mo mọ̀ pé NEPA kì í bèèrè àkókò lọ́wọ́ ẹni, bí iná bá sì dé ní ọ̀sán gangan, ẹ gbà á. Bátìrì tí ó wà ní ìdá 3 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ń jìyà ju èyí tó gba iná nínú ooru lọ.

Bátìrì kékeré 12 V tó wà níwájú náà ń fa àṣìṣe púpọ̀. Bó bá rẹ̀, gbogbo iná ìkìlọ̀ á tàn lẹ́ẹ̀kan náà, mọ́tò á kọ̀, wọ́n á sì sọ fún yín pé bátìrì ńlá ti kú. Ẹ fi mítà wọn òun ná. Bó bá wà nísàlẹ̀ fóòtì 12.4 lẹ́yìn ìsinmi alẹ́, ẹ cháàjì rẹ̀ tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan bátìrì ńlá.

Ó di ti pípààrọ̀. Òótọ́ ni àbúrò yín sọ. Ilé iṣẹ́ Spiro ń ṣe é fún ọ̀kadà ní Kútọnu àti Lómẹ̀, nítorí bátìrì ọ̀kadà ṣeé fi ọwọ́ gbé. Ní Ṣáínà, mọ́tò Nio á wọ inú ilé kan, ẹ̀rọ á tú bátìrì rẹ̀ nísàlẹ̀, á gbé èyí tó kún sí i, ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ilé iṣẹ́ ló ni bátìrì. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò náà lọ́dún 2020, ẹni tó bá ra mọ́tò láìra bátìrì ń rí yuan 70,000 yọ nínú owó, ó sì ń san 980 lóṣooṣù fún bátìrì 70 kWh. Bí bátìrì bá ń gbó, ti ilé iṣẹ́ ni wàhálà náà. Leaf kò bá ètò yìí mu níbì kankan: bátìrì rẹ̀ tẹ̀wọ̀n tó nǹkan bí kìlógíráàmù 294, bóòtù ni wọ́n fi dè é mọ́ abẹ́ mọ́tò, kò sì sí ilé pààrọ̀ fún un. Kódà àwọn tó ní owó fìdí rẹmi. Ilé iṣẹ́ Better Place kọ́ ilé pààrọ̀ sí Ísírẹ́lì fún Renault Fluence Z.E., irú mọ́tò kan ṣoṣo yẹn ló ṣeé lò níbẹ̀, wọ́n sì kógbá wọlé lọ́dún 2013.

Èyí tí ẹ lè ṣe ni pípààrọ̀ ní wọ́kíṣọ́ọ̀pù, iṣẹ́ ọjọ́ kan. Bó bá jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan ló rẹ̀, mọ́dù nìkan ni wọ́n á yọ, ìyẹn àpótí kékeré tó gbé sẹ́ẹ̀lì náà àti mẹ́ta mìíràn dání. 48 ni wọ́n. Agbára àti fóòtì èyí tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ti àwọn tó wà níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun ni yóò di aláìsàn tuntun. Bó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀ ló gbó, bátìrì 40 kWh láti ara Leaf 2018 tó ní ìjàǹbá wọ àyè kan náà, ṣùgbọ́n ó nílò bọ́ọ̀dù kékeré tí wọ́n ń pè ní CAN bridge láàárín bátìrì àti mọ́tò. Láìsí i, kọ̀ǹpútà mọ́tò kò ní dá bátìrì àjèjì mọ̀. Ti 62 kWh nípọn ó sì wúwo jù, mi ò ní dábàá rẹ̀ fún ojú títì wa.

Ẹ yẹ ọwọ́ oníṣẹ́ náà wò kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ pa mọ́tò, kó tú wáyà òdì bátìrì 12 V, kó yọ púlọ́ọ̀gì ọsàn tó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì níwájú ìjókòó ẹ̀yìn pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà 1000 V, kó dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú 10, kó sì fi mítà wò ó pé kò sí iná tó kù kó tó fọwọ́ kan wáyà ọsàn kankan. Fóòtì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400 ló wà níbẹ̀ bí bátìrì bá kún. Ẹni tó bá fẹ́ fi jáàkì ẹ̀gbẹ́ títì gbé e, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti èyí tó wà níwájú yín: 2015 tuntun ń rin nǹkan bí kìlómítà 135. Bó bá wà ní ìdá 67, ẹ óò rí nǹkan bí 90, kò sì ní gbé yín dé Èkó láìdúró. Fún ìrìn inú Ìbàdàn, ó tó. Bí ìṣirò mítà bá fún yín ní 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí sẹ́ẹ̀lì sì dọ́gba, ẹ rà á. Láàárín 65 sí 80, ẹ ná an kí owó rẹ̀ wálẹ̀ dáadáa. Nísàlẹ̀ 65, ẹ ṣírò owó bátìrì 40 kWh, CAN bridge àti iṣẹ́ mọ́ iye tí wọ́n ń pè é, bó bá sì ti sún mọ́ owó Leaf 2018, ẹ ra ti 2018. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ láti jẹ́ kí ẹ fi mítà wò ó fún alẹ́ kan, ẹ fi mọ́tò náà sílẹ̀ fún un.