Ṣé ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó fara pa níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ń rí ìtọ́jú bíi ti ẹni tí ọ̀tá yìnbọn lù?

Ìyá wa ní Òṣogbo, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Bí orúnkún ọmọ yín tilẹ̀ yẹ̀ nígbà tó ń bẹ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀, owó oṣooṣù tí VA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ ogun, ń san kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ìbọn bà: bí ara ṣe bàjẹ́ tó ni wọ́n ń wò. Ìtòsílẹ̀ fún ìtọ́jú ni ìyàtọ̀ wà. Ìpele mẹ́jọ ni wọ́n pín in sí, ìpele 1 ló ṣáájú. Ẹni tó gba àmì-ẹ̀yẹ Purple Heart, èyí tó wà fún ọgbẹ́ ojú ogun, ti wà ní ìpele 3 ó kéré tán. Kí ẹni tó fara pa níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó dé ìpele 3 yẹn, ó sábà máa ń nílò kí wọ́n kọ́kọ́ ka ìpalára rẹ̀ sí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ó kéré tán. Èyí dùn mí gan-an. Kí ọmọ yín tètè gba ìwé pé ẹnu iṣẹ́ ló ti fara pa, kó tó fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀.