Pánẹ́ẹ̀lì ékò tó ń kùn, tó tún ń gbé ohùn pásítọ̀ mì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jó pánẹ́ẹ̀lì ékò kan pọ̀ fún ẹgbẹ́ akọrin wa, áísì PT2399, èyí tó ń ṣe ékò gan-an, ló wà nínú rẹ̀. Mo fi í sáàárín míkísà àti áńpù, inú áńpù náà ni mo ti fa 12 fóòlù fún un. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń kùn bí oyin. Tí àsìkò ìwàásù bá tó, tí mo pa iná rẹ̀ kí ékò má baà sí, ohùn pásítọ̀ á pòórá. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, o kú iṣẹ́. Ká ti ibi ohùn tó ń pòórá bẹ̀rẹ̀. Àti ohùn tó gba ékò àti èyí tí kò gbà á, inú pánẹ́ẹ̀lì yẹn ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Tí o bá pa iná, o ti tilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wọn nìyẹn. Má pa iná mọ́. Ọ̀nà ohùn ni kí o máa yí.

Ra switch ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, tó ní ìlà méjì, ẹsẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Wáyà tó ń bọ̀ láti míkísà, jó o mọ́ ẹsẹ̀ àárín ìlà kìíní; èyí tó ń lọ sí áńpù, mọ́ ẹsẹ̀ àárín ìlà kejì. Fi wáyà kékeré so ẹsẹ̀ òkè méjèèjì pọ̀: ibẹ̀ ni ìwàásù á máa gbà. Ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ ìlà kìíní lọ síbi tí ohùn ń gbà wọ pánẹ́ẹ̀lì, ti ìlà kejì síbi tó ń gbà jáde. Gíráùndì, ìyẹn wáyà négétíìfù tí gbogbo ẹ̀rọ jọ ń lò, kì í bá wọn dé ìdí switch o. Kí gbogbo rẹ̀ wà ní síso títí. Báyìí, bí pánẹ́ẹ̀lì bá tilẹ̀ jóná, pásítọ̀ á ṣì máa wàásù lọ.

Tó bá ń dún “pó!” nígbà tí o bá yí i, iná tó kù nínú kapasítọ̀ ni. Jó rẹsítọ̀ 1M láti ẹnu ìwọlé pánẹ́ẹ̀lì sí gíráùndì, kí o tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnu ìjáde.

Ó ku kíkùn. Yọ wáyà 12 fóòlù yẹn, kí o fi bátìrì 9 fóòlù dán an wò, irú onígun mẹ́rin tó máa ń wà nínú mítà. Tó bá dákẹ́, a ti mọ olè: gíráùndì rẹ ń gba ọ̀nà méjì, ó ń bá wáyà ohùn lọ, ó tún ń bá wáyà iná padà sínú áńpù. Fún un ní àdápítọ̀ 9 fóòlù tirẹ̀, irú tó wúwo, tó ní tiransifọ́mà nínú. Wo ẹnu rẹ̀ dáadáa o. Nínú ọ̀pọ̀ àdápítọ̀, pọ́sítíìfù ló wà láàárín, ṣùgbọ́n négétíìfù ló sábà máa ń wà láàárín nínú ti ẹ̀rọ gìtá. Díódì 1N4001 kan lójú ọ̀nà pọ́sítíìfù á gbà ọ́ lọ́wọ́ àṣìṣe.

Fóòlù 5 péré ni áísì yẹn ń jẹ, nítorí náà 7805, ẹ̀yà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń dín iná kù sí fóòlù 5, gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀. Tí o bá kọjú 7805 sí ara rẹ, ẹsẹ̀ òsì ni iná ń gbà wọlé, ti ọ̀tún ló ń gbà jáde. 78L05 kékeré, tí ìwọ náà kọjú ibi pẹlẹbẹ rẹ̀ sí ara rẹ, òdì rẹ̀ ni: òsì ni ìjáde. Mo fi ìkánjú jó o sódì lálẹ́ ọjọ́ kan, áísì méjì ló bá a lọ. Kí o tó ki áísì sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, fi mítà wọn ẹsẹ̀ kìíní sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, kó jẹ́ fóòlù 5. Tí o bá ti ki áísì bọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ kejì á fi nǹkan bíi 2.5 hàn.

Aago kan wà nínú áísì yìí tó ń sáré ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ariwo rẹ̀ sì máa ń ta sínú iná. Kapasítọ̀ tí wọ́n kọ 104 sí lára ni kí o fi sáàárín ẹsẹ̀ kìíní àti gíráùndì, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fara kan áísì. 100 µF lè jìnnà díẹ̀ sí i. Tí ékò bá yadi nígbà tí o bá tan iná, tí áísì sì ń gbóná, wo ẹsẹ̀ kẹfà: rẹsítọ̀ tó tó 2.2k gbọ́dọ̀ tò tẹ̀lé fọ́lúùmù tí o fi ń yí àkókò ékò, lójú ọ̀nà kan náà. Pa iná, fi rẹsítọ̀ náà sí i, kí o tó tún un tàn.