Wẹ́dà Ní Òun Fẹ́ Gé Irin Iwájú Jíìpù Mi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá ríwáyà. Àgbẹ̀ ni mí lọ́nà Ìsẹ́yìn, ẹ̀gẹ́ àti kajú ni mo ń gbìn. Mo ra Toyota 4Runner 2005 kan, tòkunbọ̀, nítorí ọ̀nà oko wa tí mọ́tò kékeré kò lè rìn. Wẹ́dà tó wà lẹ́bàá gáréèjì wa ní òun máa yọ bọ́ńpà rọ́bà iwájú àti irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, òun á wá jó páìpù tó nípọn mọ́ ṣásíì. Ó ní bí a bá kọ lu màlúù tàbí kùkùté, mìmì kan ò ní mì wá. Ó tún ní ká tú airbag, àpò tó ń wú láti gba èèyàn nígbà ìjàǹbá, èyí tó wà lókè fèrèsé kúrò, torí bí jíìpù bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú kòtò, ó lè bú mọ́ wa lórí. Ọmọ mi àti àwọn lébìrà máa ń wà nínú ọkọ̀. Ṣé kí n gbà fún un? (Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn)

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú oko. Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kó tó gé e. Ìgbà tí wọ́n bá ti gé e tán ni àwọn ẹlòmíì ń wá mi kiri.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti airbag òkè fèrèsé, òun ló rọrùn jù. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí wẹ́dà sọ. Sẹ́ńsọ̀ kan wà nínú ọkọ̀ tó ń ṣọ́ bó ṣe ń fì. Bó bá rò pé ọkọ̀ fẹ́ yí gbirigbiri, á tú airbag yẹn sílẹ̀. Àwọn Toyota náà mọ̀ pé ọkọ̀ tó ń wọ igbó máa ń fì láì ṣubú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi bọ́tìnnì kan sí iwájú 4Runner tó bá ní airbag òkè, wọ́n kọ RSCA OFF sí i lára. Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà oko, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀ títí iná tó ní orúkọ kan náà á fi tàn. Airbag náà kò ní bú nítorí pé ọkọ̀ fì mọ́, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá kọ lù yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, á ṣì ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá pa ọkọ̀ tí ẹ sì tún un ṣí, ó ti padà sípò fúnra rẹ̀.

Bí ẹ ò bá rí bọ́tìnnì yìí, ẹ wo ara òpó ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú. Bí wọn ò bá kọ SRS AIRBAG síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí tiyín má ní airbag òkè rárá, torí kì í ṣe gbogbo 4Runner ọdún yẹn ló ní in. A jẹ́ pé wẹ́dà fẹ́ gbowó lọ́wọ́ yín láti tú ohun tí kò sí nìyẹn.

Ohun abúgbàù sì wà nínú nǹkan wọ̀nyí. Bí ẹ bá rí wáyà tí ẹnu rẹ̀ yẹ́lò, ẹ ká ọwọ́ kò. Àwa tó ń ṣe é gan-an, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ orí nẹ́gátífì bátìrì, ká sì dúró ó kéré tán 90 ìṣẹ́jú àáyá, bí ìwé Toyota ṣe wí.

Ó wá ku irin iwájú. Tí wọ́n bá ń ju iṣu sí yín látorí ọkọ̀, ṣé ẹ máa ń na ọwọ́ gbọnrangandan? Ẹ máa ń fa ọwọ́ sẹ́yìn bí iṣu ṣe ń bọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọrùn ọwọ́ á sọ fún yín lálẹ́. Bí irin yẹn àti fóòmù iwájú rẹ̀ ṣe ń gba ìkọlù nìyẹn. Wọ́n á ká, ẹnu ṣásíì náà á ká, bẹ́líìtì á ti fún mọ́ yín láyà, airbag á ti wú, kí ẹ tó ṣẹ́jú. Láti 1959 ni Mercedes-Benz ti ń ta ọkọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe kí iwájú rẹ̀ lè rún. Páìpù wẹ́dà kò ní ká. Yóò gbé gbogbo ìkọlù náà fún ṣásíì, ṣásíì á gbé e fún àyà yín. Àwọn sẹ́ńsọ̀ iwájú náà ń retí kí ọkọ̀ rún bí wọ́n ṣe ṣe é. Bí ẹ bá yí i padà, airbag lè pẹ́ kó tó jáde, ó sì lè bú nígbà tí kò yẹ.

Kùkùté tí wẹ́dà sì ń sọ yẹn, abẹ́ ọkọ̀ ló ń wá, kì í wá bọ́ńpà. Ẹ ra páànù irin tó ń bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bó bá jẹ́ gáàdì iwájú ni ọkàn yín ṣì wà, ẹ wá èyí tí wọ́n ṣe fún 4Runner 2003 sí 2009, tó ń lo bóòtì, tí wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé ó bá airbag mu. Ní Australia, níbi tí kangaroo ti ń fò sójú títì lóru, irú rẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Owó rẹ̀ wúwo o.

Mo ní ẹjọ́ tèmi náà láti rò. Ní nǹkan bí ọdún méjìlá sẹ́yìn, oníbàárà kan gbé jíìpù tí airbag rẹ̀ ti bú wá. Kò lówó òmíràn, iná SRS, iná iwájú awakọ̀ tó ń ṣọ́ airbag, ò sì kú. Mo fi rẹsístọ̀ kan, ohun kékeré tó ń dín agbára iná kù, tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, so wáyà yẹ́lò abẹ́ sítíárìn pọ̀. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ gbà pé airbag wà. Mo gba ₦3,000. Lọ́dún kejì, ẹlòmíì gbé ọkọ̀ kan náà wá fún ẹ̀rọ amúlétutù. Ó ti rà á. Ó ṣí kọ́kọ́rọ́, iná SRS tàn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, ó kú. “Ọ̀gá, ẹ rí i? Airbag mi pé!” Ìyàwó rẹ̀ jókòó síwájú, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sára. Mo tú ojú sítíárìn tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, mo fi hóró ìrẹsì mi hàn án. Ó bú mi, mo dákẹ́.

Ó fẹ́ lọ ra àlòkù ní Ládípọ̀, mo kọ̀ fún un. Ẹ rántí airbag tí iléeṣẹ́ Takata ti Japan ṣe: ammonium nitrate, èyí tí wọ́n tún fi ń ṣe ajílẹ̀, ló wà nínú rẹ̀, ooru àti ọ̀rinrin máa ń bà á jẹ́. Tó bá wá bú, ó ń fọ́n irin sójú èèyàn. Ní Amẹ́ríkà nìkan, ó lé ní mílíọ̀nù 60 tí wọ́n ní kí wọ́n dá padà, Toyota àti Honda wà nínú wọn. Ta ló mọ ọkọ̀ tí èyí tó wà lórí àtẹ ti wá?

Nítorí náà, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ tiyín láàárọ̀ ọ̀la. Bí iná SRS ò bá tàn rárá, ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ti yọ bọ́lùbù rẹ̀. Bó bá tàn tó sì kú, ẹ ṣì jẹ́ kí ríwáyà tó mọ̀ ọ́n tú ojú sítíárìn wò, torí irú mi pọ̀.

Bí wẹ́dà bá sì ti gé irin náà kí ìwé ìròyìn yìí tó dé ọwọ́ yín, ẹ gba irin àti fóòmù rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí àwọn tó ń ra kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù tó kọjá. Bó bá jẹ́ bóòtì ló tú, tí kò tíì fi iná kàn án, ó ṣeé dá padà sí àyè rẹ̀.