Ìkarahun inú òkúta Ewékorò: ṣé kí n fi ásíìdì fọ̀ ọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Tíṣà ni mí, ní Ògùn níbí. Típà kan já òkúta láti kúárì Ewékorò sí ẹ̀gbẹ́ súkúù wa, àwọn ọmọ wá rí nǹkan tó dà bí ìṣáwùrú nínú ẹ̀. Báwo ló ṣe débẹ̀ nígbà tí òkun ò sí nítòsí wa? Ṣé mo lè fi ásíìdì fọ̀ ọ́ kó mọ́ fún kíláàsì?

Ìdáhùn: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ásíìdì kàn án rárá. Òkúta ẹfun nìyẹn, òun ni wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò láti 1960, ásíìdì sì máa ń jẹ ẹ́ ni, á jẹ òkúta, á jẹ ìkarahun pọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ káwọn ọmọ rí i, ẹ mú àfọ́kù tí kò ní nǹkan kan nínú, ẹ fọ̀bẹ ha á kó yọ ìyẹ̀fun, kẹ́ ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó máa hó. Ní ti fífọ̀, omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ ti tó.

Òkun ló wá bá yín níbẹ̀. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn, òkun tí kò jìn bo gbogbo agbègbè yẹn dé ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ìgbín òkun, akàn àti ẹja ń gbé inú ẹ̀, tí wọ́n bá kú ẹrẹ̀ ẹfun á bò wọ́n, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gorí ara wọn títí tó fi le. Ẹ wo "ìṣáwùrú" yẹn dáadáa o, ó lè má jẹ́ ìkarahun gan-an, omi abẹ́ ilẹ̀ sábà máa ń yọ́ ìkarahun lọ, ẹrẹ̀ tó kún inú ẹ̀ ló ń di òkúta. Tẹ́ ẹ bá rí àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ láàrin òun àti òkúta tó yí i ká, ibi tí ìkarahun wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó ń dùn mí ni pé típà ló kó o wá, a ò wá mọ ìpele tó ti jáde. Lójú kúárì, ilẹ̀ pupa ló wà lókè, amọ̀ aláwọ̀ eérú tó ń ya lábala lábala wà lábẹ́ ẹ̀, hóró wínníwínní aláwọ̀ ewé wà nísàlẹ̀ amọ̀ yẹn, kó tó wá kan òkúta ẹfun tó tó mítà 11 sí 12, yanrìn sì pọ̀ nínú apá ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ wà, torí náà tẹ́ ẹ bá kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹ máa rí bí òkun ṣe wọlé sórí yanrìn díẹ̀díẹ̀, tí omi wá mọ́, tí ẹrẹ̀ tún dé. Fọ́sìlì, ìyẹn ohun ẹlẹ́mìí àtijọ́ tó ti di òkúta, tí a ò mọ ìpele ẹ̀ ò lè sọ nǹkan tó pọ̀ fún wa.

Ẹ kọ lẹ́tà sí kúárì kẹ́ ẹ tó kó ọmọ lọ, hẹ́límẹ́ẹ̀tì dandan ni, kẹ́nikẹ́ni má dúró sábẹ́ ògiri òkúta, ó lè já nígbàkigbà. Ohun tẹ́ ẹ bá mú ní ìpele kọ̀ọ̀kan, láílọ́ọ̀nù tiẹ̀ lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ fi báírò kọ ìpele náà sínú ìwé pélébé kan. Tẹ́ ẹ bá rí eyín dúdú tó ń dán, eyín àkurákudà ló sábà máa ń jẹ́, ẹ má fi òòlù gbẹ́ ẹ, ẹ gbé e tòun ti òkúta lọ sí ẹ̀ka jiọ́lọ́jì (ẹ̀kọ́ nípa òkúta àti ilẹ̀) ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí OOU (Yunifásítì Ọlábísí Ọnábánjọ) ní Àgọ́-Ìwòyè.