Kí o tó dín owó aṣọ ẹbí kù: èsì fún àbúrò tó ń ṣe àdìrẹ

Àbúrò mi, mo ka ohun tó o kọ. O ní oníbàárà kan fẹ́ kó o ṣe àdìrẹ fún 60 ènìyàn, aṣọ ẹbí fún ọgọ́rin ọdún ìyá rẹ̀, ó sì ní kó o bá òun dín owó kù torí pé ọjà náà pọ̀. O wá ń bi àwa tá a ti pẹ́ nídìí aró pé èló ló yẹ kó o yọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màá débẹ̀. Àmọ́ àwòrán wo ló kọ́kọ́ fi hàn ọ́ ná?

Torí ó dá mi lójú pé ó fi àwòrán hàn ọ́. Gbogbo wọn ló ń gbé fóònù wá. Èmi náà ti gba irú iṣẹ́ aṣọ ẹbí yìí rí. Èyí tí oníbàárà tèmi gbé wá nígbà náà, aṣọ ẹ̀rọ ni, irú èyí tí wọ́n ń kó wọlé láti Ṣáínà, tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta, tí wọ́n sì ń pè ní àdìrẹ láìtijú. Mo mú ọ̀kan nínú irú aṣọ bẹ́ẹ̀, mo yí i sẹ́yìn fún un kó rí i pé àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò jinlẹ̀ bíi ti iwájú. Mo fi hàn án pé òdòdó tó wà ní igun kan àti èyí tó wà ní igun kejì kò fi bíńtín yàtọ̀ síra. Mo ní ọwọ́ ènìyàn kì í ṣiṣẹ́ báyẹn. Ó ní òun gbọ́, pé iṣẹ́ ọwọ́ gan-an lòun fẹ́, òun kò fẹ́ ti ẹ̀rọ. Ó san ìwọ̀nba owó sílẹ̀, ó ní ìyókù di ọjọ́ tí mo bá kó ẹrù dé.

Ẹni tó bá ti rẹ aṣọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Bó o bá po aró òyìnbó, kọ́ọ́sítìkì (sódà tó ń jó ara) àti háídírò (ìyẹ̀fun tó ń jẹ́ kí aró yọ́ sínú omi) pọ̀ mọ́ omi, àwọn aṣọ tó kọ́kọ́ wọlé ló ń mu aró jù. Bó o ṣe ń rì wọ́n bọ̀ ọ́ tẹ̀ léra, bẹ́ẹ̀ ni agbára omi náà ń lọ sílẹ̀. Ti ìṣáájú á jáde ní dúdú kirikiri, àwọn ti àárín á jẹ́ búlúù, àwọn ìkẹyìn á sì di àyìnrín, búlúù tó fẹ́ẹ́rẹ́. O lè fi háídírò kún un, o lè fi aró kún un, kò ní padà sí bó ṣe wà ní ìbẹ̀rẹ̀ láéláé. Tó o bá sì pò ó tuntun, omi mìíràn nìyẹn, àwọ̀ mìíràn sì ni. Háídírò tí wọ́n wá wọ̀n fún mi lọ́jà nígbà yẹn, inú ọ̀rá tí wọn kò so dáadáa ni wọ́n ti bù ú. Háídírò tó bá ti fa omi inú afẹ́fẹ́ ti kú. O lè máa dà á sínú ike láti àárọ̀ di alẹ́, omi náà kò ní yípadà sí àwọ̀ ewé tó yẹ kó ní, búlúù gbẹrẹfu lásán lá máa jẹ́. Irú omi bẹ́ẹ̀, ara aṣọ nìkan ni aró rẹ̀ ń jókòó sí, kì í wọnú òwú. Bí èèyàn bá fi ọwọ́ ra á, àwọ̀ rẹ̀ á yọ sí i lọ́wọ́.

Ohun tó yẹ kó o ṣe ni pé kó o rí i pé gbogbo aṣọ wọ omi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí èyíkéyìí tó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́wọ́ kejì, èyí tó jáde gbẹ̀yìn ni kó kọ́kọ́ wọlé. Láàárín ìrìbọmi kan sí èkejì, nà án sí afẹ́fẹ́ títí àwọ̀ ewé yẹn á fi kúrò lára rẹ̀ pátápátá, torí afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù, omi kọ́. Má fi ojú aṣọ tútù dájọ́ àwọ̀, ó máa ń ṣókùnkùn ju bó ṣe máa rí tó bá gbẹ. Ti fífọ aṣọ funfun kí ẹ̀kọ (sítáàṣì) ilé iṣẹ́ tó wà lára rẹ̀ lè kúrò, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, 60 aṣọ kò ní rí bákan náà. Mo ní kò ní rí bákan náà.

Ẹ̀mí mi balẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kó tèmi dé, torí wọ́n lẹ́wà. Obìnrin tó gbé iṣẹ́ náà fún mi ti wá lọ gba ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní onímọ̀ ètò àpèjẹ. Ọmọbìnrin náà tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí táìlì nínú pálọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìlà. Ẹni tí kò tíì ki ìka bọ aró rí láyé ẹ̀ dúró lórí iṣẹ́ mi, ó ń fi ẹsẹ̀ tọ́ka pé èyí dára, èyí kò dára, pé wọn kò ní bára mu nínú fọ́tò. Ó kó ìdajì sọ́tọ̀. Lọ́jọ́ àpèjẹ, mo gbọ́ pé aṣọ ẹ̀rọ ni wọ́n fi dípò ìdajì yẹn, àwọn méjèèjì sì jọ wà nínú gbọ̀ngàn kan náà. Títí di òní, kọ́bọ̀ kò wọlé lórí èyí tí wọ́n dá padà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi àléébù èyí tí wọ́n wọ̀ dín owó rẹ̀ kù.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì kan tí wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀ pé ìrànlọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ kéékèèké ni iṣẹ́ wọn. Ọkùnrin tó dá mi lóhùn kò gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀. Ó ní ṣé a kọ ìwé? Mo ní ẹnu la fi sọ ọ́, bí gbogbo ọjà ṣe ń ṣe é. Ó ní kò sí ohun tóun lè ṣe sí i. Kí n tó dìde, ó ti fà fọ́ọ̀mù kan yọ: ìfihàn iṣẹ́ ọwọ́ ń bọ̀, kí n wá san owó àyè àti owó tẹ́ńtì. Mo ń sunkún gbèsè, ó ń ta tẹ́ńtì fún mi! Àwọn yìí kan náà ni wọ́n máa wọ àdìrẹ wá ya fọ́tò lọ́jọ́ ayẹyẹ, tí wọ́n á máa sọ̀rọ̀ àṣà.

Kì í kúkú ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ọjà àdìrẹ dẹnu kọlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, aró òyìnbó àti kọ́ọ́sítìkì ni wọ́n di ẹ̀bi rù, Aláké Adémọ́lá Kejì sì fòfin dè wọ́n. Àwọn ìyá aláró kò gbà. Wọ́n gba lọ́yà, wọ́n kọ ìwé ẹ̀hónú, ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí lọ́dún 1936. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú aró ló mọ ohun tí aró ń ṣe, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n máa ń bi léèrè gbẹ̀yìn.

Bí mo ṣe dárúkọ kọ́ọ́sítìkì yìí, jọ̀ọ́, má da omi lé e lórí. Omi ni kó o kọ́kọ́ bù, kó o wá máa rọra bu kọ́ọ́sítìkì sínú rẹ̀. Má lo ìkòkò alumíníọ̀mù, á jẹ ẹ́. Háídírò tí omi bá kàn lè gbóná títí iná á fi sọ, nítorí náà má tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí òjò ń jò sí, má sì gbé e sí yàrá tí ọmọ ń sùn. Mo mọ ilé tí wọ́n ti rí èéfín láàárín òru. Ìta gbangba ni kó o ti ṣiṣẹ́, kí ìbọ̀wọ́ rọ́bà wà lọ́wọ́ rẹ. Má sì da omi ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kànga.

Ìdajì aṣọ tí wọ́n dá padà yẹn, kí lo rò pé mo fi ṣe? Mo kọ́kọ́ kó o sábẹ́ ibùsùn, ojú mi kò fẹ́ rí i. Nígbà tó yá, mo gé wọn sí àpò, ìrọ̀rí àti fìlà, àwọn tó kù ni mo tà ní ọ̀pá márùn-ún márùn-ún, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹnì kan tó ráhùn nípa àwọ̀. Ẹni tó ra àyìnrín gbà pé àyìnrín ni òun ń wá látọjọ́ yìí. Ẹni tó ra dúdú ń béèrè bóyá òmíràn ṣì wà. Bí aṣọ kan bá dá wà, kò sí ohun tí wọ́n máa fi wé e. Ìyàtọ̀ tí ọwọ́ wa ń fi sílẹ̀ lára aṣọ, owó ni tó o bá ń tà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá di aṣọ ẹbí, gbèsè ni, torí pé kí gbogbo wọn bára mu ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ra á.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní yọ kọ́bọ̀ tó o bá bi mí. Àwọn olùkọ́ òwò tí wọ́n ń pè wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ máa ń sọ pé bí ọjà bá pọ̀, kí owó rẹ̀ wálẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ ni wọ́n ń rò. Nínú àdìrẹ, ohun kan ṣoṣo tí owó rẹ̀ ń rọ̀ bó bá pọ̀ ni aṣọ funfun, torí o lè ra odindi ìdì rẹ̀. Àbẹ́là tá a ń yọ́ sára aṣọ kò rọ̀, aró kò rọ̀, ẹ̀yìn rẹ kò rọ̀, gbogbo aṣọ ló sì gbọ́dọ̀ wọ omi léraléra kí wọ́n tó súnmọ́ra. Ká ní o ń ta ọ̀kan ní ₦25,000. Bí ríra ìdì bá dín ₦1,500 kù fún ọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bá a pín in, kó jẹ́ pé òun nìkan lo yọ. Lẹ́yìn náà, fi owó àwọn tó ṣeé ṣe kí wọ́n bàjẹ́ sí i, torí o máa rẹ ju 60 lọ kó o tó rí 60 tó bára mu. Wàá rí i pé iye náà á padà sí ₦25,000, tàbí kó jù ú lọ. Bó bá ní Ìbàdàndùn lòun fẹ́, ọnà àdìrẹ tí wọ́n fi ìyẹ́ kùn ní ẹ̀kọ, pẹ̀lú òpó Gbọ̀ngàn Mápó ti Ìbàdàn àti ṣíbí tó wà láàárín wọn, má tilẹ̀ jẹ́ kó jókòó sídìí owó yẹn. Owó rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti èyí tí wọ́n fi páànù gígé tẹ ẹ̀kọ sí lára.

Kó o tó gé aṣọ rárá, rẹ mẹ́ta fún un: èyí tó dúdú jù, ti àárín, àti èyí tí àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ jù nínú ohun tí omi rẹ lè mú jáde. Gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, kó mú apá kan, kí ìwọ mú apá kejì. Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp pé àárín èyí tó dúdú jù àti èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́ jù ni gbogbo aṣọ máa wà, kó sì fèsì pé òun gbà. Gba ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún kó o tó ra ohunkóhun, gba ìyókù kí ẹrù tó kúrò nílẹ̀ rẹ. Bó bá ní àwọn onímọ̀ ètò òun ló máa wá wò ó, kí wọ́n wá sí ọ̀dọ̀ rẹ wá wò ó, lórí okùn, nínú oòrùn.

Bó bá wá ní aṣọ funfun tòun lòun máa kó wá kí owó lè rọ̀, fa òwú díẹ̀ yọ lára rẹ̀ níwájú rẹ̀, fi iná sí i. Tó bá jó bíi pépà, kótìnì ni, gbà á. Tó bá yọ́ tó dì kókó, oníke ló wà nínú rẹ̀, dá ẹrù rẹ̀ padà fún un lọ́jọ́ náà.