Mo ra báìkì ńlá, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n gbé e jáde

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wà lára àwọn tó ń lọ kọ́ àwọn àgbẹ̀ lóko. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń fi Bajaj lọ láti Ojoó sí Mọ́níyà àti àwọn abúlé ẹ̀yìn Akínyẹlé. Mo dá èsúsú, mo kó o, mo sì fi ra tòkunbọ̀ Honda CB500X. Láti ìgbà tó ti dé, inú ọgbà ló wà. Ọjọ́ tí mo ní kí n yí i padà nínú ọgbà, ọpẹ́lọpẹ́ ògiri, ìbá ti wó lulẹ̀. N ò ga, ìka ẹsẹ̀ mi nìkan ló ń kan ilẹ̀ tí mo bá jókòó lé e. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń gun páwà báìkì ní kò sẹ́ni tí tirẹ̀ kì í ṣubú, kí n ṣáà múra sílẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Àbí kí n tà á? (Òǹkàwé obìnrin kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má tà á. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ò purọ́, wọ́n kàn fi ibi tó ṣe kókó sílẹ̀ ni. Báìkì ńlá kì í sábà ṣubú lórí eré. Bí táyà bá ti ń yí dáadáa, báìkì á máa gbé ara rẹ̀ ró, ọwọ́ fẹ́rẹ́ ni wàá fi máa darí rẹ̀. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó dúró, ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, ìgbà tí o bá ń fọwọ́ tì í, ìgbà tí o bá ń yí i padà lójú kan náà, ìgbà wọ̀nyẹn ni kí o bẹ̀rù. Wọ́n ní ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gungi. Báìkì ńlá kò fẹ́ràn ẹ̀sọ̀ rárá, ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ kí o kọ́.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìwọ̀n rẹ̀. Bajaj rẹ ò tó kílò 130. CB500X tí epo wà nínú rẹ̀ ń lọ sí nǹkan bíi kílò 195, síìtì rẹ̀ sì fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 81 ga sílẹ̀. Tí Bajaj bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ á ti tì í padà kí ìwọ fúnra rẹ tó mọ̀. O rí àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé èèyàn méjì pẹ̀lú àpò gààrí, tí wọ́n á máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ kọjá láàárín ọkọ̀. Àṣà yẹn ti wọ ìwọ náà lára, òun sì ni yóò kọ́kọ́ kó bá ọ. Nígbà tí báìkì bá dúró ṣánṣán, orí táyà ni gbogbo ìwúwo rẹ̀ wà, ọmọ kékeré lè fọwọ́ kan dì í mú. Bó ṣe ń tẹ̀ ni ìwúwo yẹn ń bọ́ sórí itan rẹ. Títí dé ibì kan, agbára rẹ á ká a. Tó bá kọjá ibẹ̀, alágbára ọkùnrin pàápàá ò ní lè dá a padà.

Nínú gbogbo ohun tí mo ń rí lọ́wọ́ àwọn tí mo ń kọ́, bíréèkì iwájú ló ń gbé wọn lulẹ̀ jù. Ti ọ̀pọ̀ Bajaj, dírọ́ọ̀mù ni. O lè fi gbogbo ìka gbá a mú, yóò kàn rọra mú ni. Dísìkì ló wà níwájú Honda rẹ, ìyẹn ń mú gbagidi lẹ́ẹ̀kan náà. Wò ó báyìí: o fẹ́ yà sọ́tùn-ún wọ géètì, o ti yí hándù dé òpin, o ń rọra lọ, ni ewúrẹ́ kan bá já lu ọ̀nà. Ọwọ́ á gbá bíréèkì. Iwájú báìkì á tẹrí ba, táyà tó ti kọjú sọ́tùn-ún á dúró gbagidi, gbogbo ẹrù ẹ́ńjìnnì àti táǹkì á ya lu apá ọ̀tún. Kí o tó pariwo, báìkì ti sùn sílẹ̀, ìwọ sì dúró tì í bí ẹni tí kò mọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, nígbàkigbà tí hándù bá ti yí tí o sì ń rìn jẹ́jẹ́, mú ìka kúrò lórí bíréèkì iwájú pátápátá. Ti ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kí o lò. Bí o bá fẹ́ dúró, kọ́kọ́ tọ́ hándù. Tó o bá sì wà lórí eré lójú títì, bíréèkì iwájú yẹn kan náà ni ọ̀rẹ́ rẹ, má ṣe tìtorí ohun tí mo wí yìí pa á tì.

Èkejì ni kí ẹ́ńjìnnì kú mọ́ ọ lọ́wọ́ nígbà tí o ń gbéra. Ojoó ni yóò ti ṣẹlẹ̀, mo mọ̀, tí Micra mẹ́ta bá ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ. Wàá jan klọ́ọ̀ṣì ọwọ́ òsì sílẹ̀, báìkì á fò díẹ̀, á kú, á sì tẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ rẹ ò sí. Àwọn báìkì kékeré kan wà tó jẹ́ pé síwájú nìkan lèèyàn ń tẹ jíà wọn. Ti Honda yìí yàtọ̀: wáànù wà nísàlẹ̀, fíríì (N, ibi tí jíà kankan kò ti wọlé) wà láàárín wáànù àti túù, ó ń lọ sókè títí dé mẹ́fà. Ẹni tó bá dúró ní jíà kẹta tó rò pé wáànù lòun wà, yóò kú mọ́ ọn lọ́wọ́ dájúdájú. Máa já jíà sílẹ̀ kí o tó dúró tán, kí o sì wo iná N aláwọ̀ ewé tó wà níwájú rẹ kí o tó gba ara rẹ gbọ́.

Ẹ̀kẹta, ilẹ̀. Níbi púpọ̀ lójú ọ̀nà wa, ọ̀dà ga ju yẹ̀pẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Tí o bá dúró ní bèbè, ẹsẹ̀ òsì á máa wá ilẹ̀, kò ní í rí i, báìkì á ti tẹ̀ kọjá ibi tí a lè dá a padà. Yanrìn oríta ń kó bá èèyàn, epo tó dà sílẹ̀ ní filin-téṣọ̀n náà ń kó bá èèyàn, òjò àkọ́rọ̀ sì ń sọ ọ̀dà di ọ̀bọ̀rọ́. Kó tó di pé o dúró, ojú rẹ gbọ́dọ̀ ti yan ibi tí ẹsẹ̀ òsì máa bà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lórí bíréèkì. Má fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọ́lẹ̀ mọ́.

Ó dáa, báwo ni wàá ṣe kọ́ ọ? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnì kan gbé báìkì ńlá dé ojú títì fún ìdánwò, wọ́n á kọ́kọ́ mú un lọ síbi tí ọkọ̀ ò sí. Wọ́n á ní kó fọwọ́ ti báìkì láti ibì kan sí ibòmíì, kó rọra gùn ún bí ẹni ń fẹsẹ̀ rìn, kó yí i padà láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ẹni tí báìkì bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀ ti féèlì. Lọ́dọ̀ tiwa, ìwọ ni o máa fi ìdánwò yẹn dán ara rẹ wò. Wá ọjà tí wọn kì í ná lọ́jọ́ Àìkú tó ní kọnkéré tàbí ọ̀dà, tàbí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sátidé. Mú ẹnì kan dání. Dé akoto, wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, torí ọgbà tó ṣófo ò dín ìwúwo báìkì kù.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, má tan ẹ́ńjìnnì. Dúró lápá òsì, jẹ́ kí ìbàdí rẹ kan síìtì, kí ẹni kejì dúró lápá ọ̀tún. Rọra tẹ báìkì sọ́dọ̀ rẹ díẹ̀, dá a padà, tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i, títí tí o fi máa mọ ibi tí ìwúwo ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, tì í lọ, tì í bọ̀. Mo fura pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà rẹ nìyí: o jẹ́ kó dúró ṣánṣán bó o ṣe ń yí i, ó wá tẹ̀ lọ sí ọ̀hún, apá tí o kò sí, ó lọ bá ògiri. Máa jẹ́ kó fara tì ọ́ díẹ̀ nígbà gbogbo. Báìkì tó bá fara tì ọ́, o lè mú un. Èyí tó bá ń sá lọ fún ọ, ọwọ́ lásán ò lè fà á padà.

Ìgbà tó o bá wá tan án, gbàgbé iná (èyí tí à ń fi ọwọ́ ọ̀tún yí kí ẹ́ńjìnnì lè sáré) fún ìgbà díẹ̀. Fi sí wáànù, kí o sì máa dẹ klọ́ọ̀ṣì bí ẹni ń dẹ okùn ẹran tí kò fẹ́ kó já, títí báìkì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í rákò fúnra rẹ̀. Ibi tó ti mú yẹn ni àwọn onímọ́tò ń pè ní bálánsì, gbogbo ẹni tó bá ti dúró sórí òkè Mápó rí pẹ̀lú mọ́tò aláfọwọ́yí-jíà mọ̀ ọ́n. Má kúrò níbẹ̀. Fi ìka méjì péré di klọ́ọ̀ṣì mú, máa tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ lé e. Ẹ́ńjìnnì ń fà, bíréèkì ń dá a dúró, báìkì á wá dúró ṣinṣin bí ó tilẹ̀ ń rákò. Nígbà tí ìyẹn bá ti mọ́ ọ lára, fi iná díẹ̀ kún un, kí o sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà, òsì, ọ̀tún, kóo máa dín àyè rẹ̀ kù.

Ojú rẹ ńkọ́? Ibi tí o ń lọ ni kó wà. Tó o bá ń yí padà, yí ọrùn títí tí àgbọ̀n rẹ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká. Ẹni tó bá ń wo gọ́tà máa wọ gọ́tà, mi ò mọ ohun tó fà á, ojoojúmọ́ ni mo ń rí i.

Ti gíga rẹ kò le tó bí o ṣe rò. Ẹsẹ̀ kan ni báìkì nílò, kì í ṣe méjì. Fà sí òsì lórí síìtì díẹ̀ bí o bá ń dúró, wàá rí i pé àtẹ́lẹsẹ̀ òsì rẹ á balẹ̀ dé ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn á tún ràn ọ́ lọ́wọ́. Tí kò bá tó, gbé síìtì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rán síìtì mọ́tò, kí wọ́n gé fóòmù iwájú rẹ̀ níbi tí itan ti ń ya. Má tètè gbà fún mẹkáníìkì tó bá ní òun máa rẹ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn sílẹ̀. Ikùn báìkì á máa gbá bọ́m̀pù, sítáǹdì á sì gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Báìkì á dúró ṣánṣán lórí rẹ̀, atẹ́gùn ọkọ̀ akẹ́rù kan á wó o sí apá kejì. Ohun tí mo máa ní kí o ṣe ni pé kí o má kún táǹkì rẹ ní oṣù àkọ́kọ́. Nǹkan bíi lítà 17 ló ń gbà, ìyẹn tó kílò 12 tàbí 13, òkè lọ́hùn-ún ló sì wà. Má gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn pẹ̀lú. Èèyàn tó ń gun ẹ̀yìn báìkì bí ẹni ń gun ọ̀kadà á fà ọ́ ṣubú kí ẹ tó gbéra.

Sítáǹdì nìkan ti wó báìkì tó pọ̀. Nínú yẹ̀pẹ̀ tàbí lórí ọ̀dà tí oòrùn ti yọ́, ó ń rì díẹ̀díẹ̀; máa gbé irin pẹlẹbẹ kan dání tí wàá fi tẹ́ ẹ. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kọjú iwájú rẹ̀ sókè, fi sínú wáànù. Àti pé láti iléeṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe é pé ẹ́ńjìnnì á kú tó o bá fi sí jíà tí sítáǹdì ṣì wà nílẹ̀. Yẹ̀ ẹ́ wò lára tìrẹ, torí àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ máa ń so wáyà rẹ̀ pọ̀ nígbà míì. Tí wọ́n bá ti so ó, sítáǹdì tó o gbàgbé á kan ilẹ̀ níbi tó o bá ti fẹ́ yà sósì.

Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, ó lè ṣubú. Nítorí náà, jẹ́ kí ìṣubú rẹ̀ wọ́n díẹ̀. Ní kí wẹ́dà tó mọṣẹ́ ṣe gáàdì fún un, kí bóòtù rẹ̀ wọnú férémù, kó má jẹ́ ara pílásítíìkì tàbí rédíétọ̀ ló gbé e lé. Má jẹ́ kí mẹkáníìkì de ìdè ọwọ́ klọ́ọ̀ṣì àti ti bíréèkì pa mọ́ hándù. Kó le tó láti dúró, kó sì lè yí bí ilẹ̀ bá gbá a. Ọwọ́ klọ́ọ̀ṣì Bajaj wà ní gbogbo kọ̀rọ̀, ti Honda rẹ ò rí bẹ́ẹ̀, ra méjì sílẹ̀ nígbà tí o bá rí i.

Bí o bá wá rí i pé ó ti kọjá agbára rẹ, fi í sílẹ̀, kí o sì yọ ẹsẹ̀. Àwọn tó ń gbìyànjú láti gbà á là ni orúnkún wọn ń yẹ̀. Pa ẹ́ńjìnnì. Tó bá jẹ́ apá ọ̀tún ló sùn sí, kọ́kọ́ na sítáǹdì rẹ̀ síta kó má baà gba ọ̀hún lọ. Yí hándù dé òpin sí apá ilẹ̀, kọ ẹ̀yìn sí i, fi ìdí ti síìtì, ọwọ́ kan di hándù mú, ọwọ́ kejì di irin ẹ̀yìn mú, kí o sì fi ẹsẹ̀ rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Itan ló ń gbé e, ọ̀pá ẹ̀yìn kọ́. Ní Ìbàdàn, o ò tiẹ̀ ní dá a gbé, èèyàn á ti sáré dé. Kígbe sí wọn kí wọ́n má di sáláńsà mú, ó gbóná, kí wọ́n má sì fi iná tíráfíkétọ̀ fà á.

Lẹ́yìn tó bá ti dìde, pa kọ́kọ́rọ́ kí o tún un ṣí, nítorí ó ní ohun kan nínú tó máa ń pa ẹ́ńjìnnì tí báìkì bá sùn sílẹ̀. Wo ilẹ̀ bóyá epo tàbí ọ́ìlì ń jò, tẹ bíréèkì méjèèjì wò. Bí ọwọ́ klọ́ọ̀ṣì bá tẹ̀, tí ìka ṣì lè fà á, má tọ́ ọ níbẹ̀. Irú irin yẹn kì í tọ́, kíkán ló máa ń kán. Gùn ún bẹ́ẹ̀ délé.