Kí ló dé tí imú mi fi máa ń ṣẹ̀jẹ̀ lásìkò ọyẹ́ l'Ábùjá?

Ọ̀rẹ́ mi, ọyẹ́ náà ló fà á. Atẹ́gùn gbígbẹ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ máa ń gbẹ omi inú imú. Níwájú imú, lára ògiri tó pín ihò rẹ̀ sí méjì, iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín pọ̀ níbẹ̀, awọ tó bò wọ́n ò sì nípọn rárá. Tó bá ti gbẹ, á sán. Èékánná lásán ti tó láti bẹ́ ẹ.

Jọ̀ọ́, má gbé orí sẹ́yìn o! Ọ̀fun ni ẹ̀jẹ̀ á gbà lọ sínú, ó sì lè mú ẹ bì. Jókòó, tẹ orí síwájú díẹ̀, fi ìka méjì di ibi tó rọ̀ lára imú mú fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, máa fi ẹnu mí. Tí kò bá dá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, gba ọsibítù lọ.